Ẹ̀gbà Ọrùn Olùkọ́ Àgbà

Alágbẹ̀dẹ wúrà kan ń yí ẹ̀gbà ọrùn idẹ kan síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àwọn òrùka kéékèèké kọ́ra wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí a ti jó ọ̀kankan pọ̀. Láti ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni ó ti ń fi ìda àti amọ̀ wá ọgbọ́n tí àwọn àgbà fi ń rọ irú èyí ní Ìkẹ́rẹ́, kò rí i. Bí èyí bá sùn lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, yóò mọ̀ ọ́n.

"Ṣé ohun àtijọ́ ni lóòótọ́?" ni olùkọ́ àgbà tí ó mú un wá láti ìlú Ìṣẹ́ bi í. "Àwọn àbúrò mi pín oko kòkó bàbá wa, wọ́n ní èyí tó mi."

Alágbẹ̀dẹ yínmú. "Ayédèrú ni, mà. Idẹ ẹnu ẹ̀rọ omi ni wọ́n yọ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, n óò fi ṣe ìkọ́ ilẹ̀kùn."

Ojú obìnrin náà pọ́n. "Wọ́n rẹ́ mi jẹ! Yọ́ ọ lójú mi, n kò fẹ́ rí i mọ́."

"Mà, kò kánjú. Tó bá di ọ̀la..."

"Lónìí ni! Àbí irọ́ lo pa fún mi?"

"Èmi kẹ̀! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ó yá, fín iná."

Ó sọ ọ́ sínú ìkòkò amọ̀, ó ń fín ẹwìrì, kò sì mójú kúrò lára àwọn òrùka náà, bóyá ibi tí a ti so wọ́n yóò hàn kí wọ́n tó yọ́. Wọ́n pọ́n, wọ́n rọ̀, wọ́n di omi.

"Ọlọ́run yóò san án fún ọ," ni olùkọ́ wí, ó ń nu ojú, "pé o sọ òtítọ́ fún mi."