Orin Tí Moagi Kọ fún Aya Rẹ̀ Tó Kú

Itọ́ ti kún Gaone lẹ́nu, kò ríbi tu ú sí.

Àwọn olólùfẹ́ orin rọ́ọ̀kì ti kún àgbàlá ilé ọtí yìí nílùú Maun. Awọ dúdú ni gbogbo wọn wọ̀, ẹ̀wọ̀n irin ń dún woroworo lára wọn.

Lórí pèpéle, Moagi ń fi gìtá sunkún aya rẹ̀ tó kú.

Ikú kan ṣoṣo yẹn ló fi ta àwo orin mẹ́ta. Gaone ra gbogbo wọn. Ó ti búra pé orin yìí ò ní kọjá òní.

Ọkùnrin kan tó fi ìwo màlúù sórí fìlà na áńkáṣíìfù sí i.

"Àǹtí, gbogbo wa là ń sunkún, ojú tiyín gbẹ bí odò ọdún ọ̀dá. Ṣé òkúta lẹ gbé sáyà ni?"

"Fi nu imú ẹ, bọ̀ọ̀dá. Ó ń ṣàn."

Moagi kúnlẹ̀. Ibí yìí nínú orin náà ni kẹ́kẹ́ máa ń pa mọ́ èrò lẹ́nu, níbikíbi tó bá ti ṣeré.

"Aya mi ọ̀wọ́n! Bó o bá ń gbọ́ mi lọ́run, dá mi lóhùn!"



Gaone ti èrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dé iwájú pèpéle, ó ṣí fìlà orí rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè hàn, ó wá tutọ́ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo ń gbọ́ ẹ, Moagi. Mi ò kú. Mo kọ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni."