Kẹ̀kẹ́ Oníjòókòó Méjì

Orin ni mò ń kọ lọ.

Bàbá ilé wa ti kọ oúnjẹ. Ó ní àfi tí kẹ̀kẹ́ bá gbé òun dé oko kòkó òun.

Mo dé ọ̀dọ̀ Dèjì wẹ́dà, l'Áràmọ̀kọ.

"Ọmọ mi, bá mi jó irin kẹ̀kẹ́ oníjòókòó méjì. Mo bẹ̀ ọ́, lónìí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Yèyé, ẹ tún fẹ́ di ìyàwó tuntun? Ìjókòó iwájú gbọ́dọ̀ ga o, ẹsẹ̀ Bàbá gùn."

"Gé ti iwájú kúrú."

"Báwo ni Bàbá ṣe fẹ́ gùn ún?"

Mo ká ìró mi dé orúnkún.

"Ẹsẹ̀ tèmi ni kí o wọ̀n. Ojú Bàbá ti fọ́. Lọ́jọ́ tó gbé mi níyàwó, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo jókòó sí lórí kẹ̀kẹ́. Ó ti kan òun náà."