Bàbá Ò Jẹun

Bàbá ò jẹun láti àárọ̀.

Aránṣọ ti kúnlẹ̀ síwájú wọn pẹ̀lú síbí lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn tọ́ ọ wò."

Bàbá gbá síbí náà dànù.

Ara wọn ń gbóná díẹ̀. Itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, ó ti rin àyà aṣọ wọn gbingbin.

Ọkọ aránṣọ, onígbàjámọ̀, ń jó fún wọn títí òógùn fi bò ó. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni wọ́n bú sẹ́kún.

Aránṣọ sáré lọ kan ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì tí ń gbé yàrá kejì.

"Àǹtí, ẹ gbà wá o! Bàbá ò jẹ, wọn ò mu, wọn ò sì jẹ́ ká sùn!"

Nọ́ọ̀sì fọ ọwọ́, ó yẹ etí Bàbá wò, ó tẹ ikùn wọn, ó wá ti ìka bọ̀ wọ́n lẹ́nu.

"Yéè! Bàbá gé mi jẹ!"

"Kí ni wọ́n fi gé yín jẹ? Bàbá ò ní eyín kankan!" ni aránṣọ wí.

"Wọ́n ti ní o. Wá wò ó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ṣóńṣó ni."

Onígbàjámọ̀ hó yèè, ó ju Bàbá sókè, ó sì hán wọn. Bàbá kẹ́rìn-ín kèékèé, wọ́n sì tọ̀ sí i láyà.

Oṣù méje péré ni Bàbá tíì lò láyé. Torí pé wọ́n jọ bàbá onígbàjámọ̀ bí ìmumu ni gbogbo ilé ṣe ń bọ̀wọ̀ fún wọn.

Aránṣọ fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń dúpẹ́.

"Má tíì dúpẹ́ tán," ni nọ́ọ̀sì wí. "Eyín mọ́kàndínlógún ló kù."