Lámilámi Ara Idà

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí Oyèníran gbé idà náà wá sí àgbẹ̀dẹ mi. Ara òkú ọmọ ogun Jàpáánì kan ni baba rẹ̀ ti mú un nígbà ogun Bọ́mà. Lámilámi idẹ kan wà lára èèkù rẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti yọ.

Àwa tí à ń rọ idẹ kì í fi ojú sí ẹranko ara idà bí ẹni tó ni ín kò bá jókòó tì wá, nítorí bí ẹranko náà bá ti ríran, á pe olówó rẹ̀ wá.

“Ṣé ìwọ lo ni ín báyìí?”

“Èmi ni, bàbá.”

Mo fi ojú náà sí i. A gbọ́ ìró bàtà líle lójú ọ̀nà. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ohùn kan sì rọra sọ èdè tí a kò gbọ́ rí.

“Bàbá, ta nìyẹn?”

Mo wo èèkù idà náà. Lámilámi náà ti yíjú sí ẹnu ọ̀nà.