Ẹja Tó Sùn Nínú Kápẹ́ẹ̀tì

"Òmùgọ̀ wo ló rán eléyìí?"

Bàbá tó ń tún kápẹ́ẹ̀tì ṣe lọ́jà ìlú Kerman ní Iran fi ìka gún ẹja kan. Ọgbà ni kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà látòkè délẹ̀: igi, òdòdó, àti odò tó la àárín kọjá. Gbogbo ẹja odò náà ló ń lúwẹ̀ẹ́; ọ̀kan yìí nìkan ló fẹ̀yìn lélẹ̀, tó gbé ikùn sókè bí ẹni tó jẹun yó.

Ìyá Golandam fi horo ṣúgà kan há eyín, ó mu tíì rẹ̀. "Ibi tí eku jẹ ni mo ní kí ẹ bá mi tún ṣe, ọ̀gá. Ẹ fi ẹja mi sílẹ̀."

"Ọwọ́ ọ̀mùtí ló rán èyí, ìyá! Bí ọmọ iṣẹ́ mi bá dán irú ẹ̀ wò, màá lé e dé Tehran!" Ó fa abẹ́rẹ́ yọ láti tú u.

"Ọ̀dọ́kùnrin tó rán an ò mutí o. Abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ bàbá mi ló ti rán an, ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Bí mo bá ti gbé tíì dé báyìí, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n. Ife mẹ́sàn-án ni mo gbé fún un lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ń bọ̀ wá bá bàbá mi sọ̀rọ̀ nípa mi. Mi ò rí i mọ́."

Bàbá wo ojú ìyá náà títí. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo wá o," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹnu ọ̀nà yín ni ajá yín ti lé mi."

"Ajá wa?" Ìyá gbé ife sílẹ̀. "Ajá yẹn ò ní eyín kankan lẹ́nu."