Ẹran Àgbò Kì Í Wọ Ilé Tíṣà

Ní ọ̀sán ọjọ́ Iléyá, Màrdíyyàh gbé àwo ẹran lọ sí ilé Tíṣà Solomon ní Ìlọrà. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí òun àti ọkọ rẹ̀ kó wá sí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹran àgbò ni, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dín in ni.

Tíṣà dúpẹ́. Ó ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n kò nawọ́ gba àwo náà.

"Ẹran àgbò kì í wọ ilé yìí. Má bínú."

Màrdíyyàh wo Bíbélì tó wà lórí tábìlì. "Bàbá, mo ṣe bí Onítẹ̀bọmi ni yín. Ṣé ìjọ yín ka àgbò léèwọ̀ ni?"

"Rárá. Ìyàwó mi ni kì í jẹ ẹ́. Ọlọ́ya ni."

Màrdíyyàh yọjú wo inú ilé. Àga kan ṣoṣo ló wà nídìí tábìlì. "Ṣé Màmá wà nílé?"

"Ó ti lọ. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n rèé."

Màrdíyyàh gbé ẹran rẹ̀ padà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó tún wá pẹ̀lú adìẹ. Ó ní ọkọ òun ló dúńbú rẹ̀, àti pé ìkòkò mìíràn ni òun fi sè é. Tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń bá ara wọn jẹun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí Tíṣà bá fẹ́ bu oúnjẹ fún un, yóò kọ́kọ́ ṣí ìkòkò sílẹ̀, yóò ní kí ó wò ó, yóò sì ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀: iṣu, epo, ata, àlùbọ́sà, edé, iyọ̀.

"Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀," ni yóò wí.

"Bàbá, ta ló bi yín?" Màrdíyyàh á rẹ́rìn-ín. Tíṣà kì í rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí Màrdíyyàh bá gbé ṣíbí sẹ́nu ni òun náà máa ń jókòó.

Ní àwọn ọjọ́ yòókù, rédíò ló ń bá a jẹun. Màrdíyyàh máa ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé rẹ̀, ohùn àwọn tí ń ka ìròyìn, àti ìró abọ́ kan.

Ìyá Mosúnmọ́lá, tí òun àti Tíṣà jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló sọ ìyókù fún un. Ó ní díákónì ni Tíṣà nígbà náà. Ìjọ ní kò yẹ kí ìyàwó díákónì ṣì máa pa èèwọ̀ òrìṣà mọ́. Wọ́n ń pe ọkọ, wọ́n ń pe ìyàwó, wọ́n ń gbààwẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ọyálọ́lá, ìyàwó Tíṣà, di ẹrù rẹ̀, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Akínmọ̀ọ́rìn. Wọn kò bímọ, kò sí ẹni tí ìbá dá a dúró. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni Tíṣà fi oyè díákónì sílẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí láti ìgbà náà, kò sì tún bọ́ síwájú ìjọ mọ́.

"Kò fẹ́ ẹlòmíràn," ni Ìyá Mosúnmọ́lá wí. "Bí a bá ń ṣe ìkórè, oúnjẹ tirẹ̀ ló máa ń gbé wá láti ilé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Màrdíyyàh lára. Ó lọ bá Tíṣà lọ́jọ́ kejì.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ wọ́n."

"Mo ń lọ lọ́dọọdún. Kì í jáde sí mi."

"Ẹ kò mú ẹlẹ́bẹ̀ dání ni. Èmi ni màá sọ̀rọ̀."

Tíṣà dìde, ó lọ lọ aṣọ rẹ̀.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Akínmọ̀ọ́rìn. Tíṣà gbé iṣu mẹ́rin sórí ẹsẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n bá òun gbé e. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé náà, ó ní òun yóò dúró lójú títì.

Ìyá arúgbó kan ń bó ẹ̀gẹ́ nínú ọgbà. Màrdíyyàh kúnlẹ̀, ó sọ ẹni tí òun jẹ́ àti ohun tí òun bá wá.

"Ẹ forí jì í, Mà. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹran àgbò kò kan ẹnu rẹ̀ nítorí yín. Èmi náà ní ohun tí mi ò lè jẹ, mo mọ bí ó ti tóbi tó kí ẹlòmíràn bá ènìyàn pa á mọ́. Ìjọ ló ṣẹ̀ yín. Òun kọ́."

Ọyálọ́lá fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wo ojú títì. Tíṣà ti ṣí fìlà, ó dì í mú níwájú àyà.

"Kò sọ fún ọ," ni Ọyálọ́lá wí. Kì í ṣe ìbéèrè.

"Kí ni, Mà?"

"Ìjọ kò lé mi, ọmọ mi: òun ló se àgbò fún mi ní ọjọ́ Sátidé, tó ní ewúrẹ́ ni, tó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, tó sì bọ́ síwájú gbogbo ìjọ ní ọjọ́ kejì, tó ní kí wọ́n wò mí níbi tí mo jókòó sí nínú aṣọ tó rà fún mi, pé mo ti jẹ ẹ́, mi ò sì kú."