Wáyà Kérésìmesì Ardith

Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù Ardith gbọ́dọ̀ dún kí ọ̀sán ọjọ́ náà tó pọ́n. Murray, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní ìlú Regina ní Kánádà níbẹ̀, ti là á mọ́lẹ̀ lórí fóònù: bí òun bá pè lọ́sàn-án tí òun ò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, òun á rán àwọn tó ń fa ọkọ̀ wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ irin, Ardith á sì kó wá sí ilé àwọn arúgbó nílùú ńlá. Ó ní ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kò lè máa dá gbé lábúlé nínú òtútù bẹ́ẹ̀ láìní ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́.

Láti Kérésìmesì ni ọkọ̀ náà ti ń kọ̀ láràárọ̀. Láràárọ̀ náà ni Wendell, aládùúgbò Ardith tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ń fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé e lọ síbi tí àwọn àgbà abúlé ti ń mu kọfí.

Kendra, ọmọ Murray, ló bẹ bàbá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ lọ wò ó. Ó ń kọ́ iṣẹ́ iná lọ́wọ́. Ó dé láàárọ̀ kùtù, mítà àti irinṣẹ́ nínú báàgì. Kì í sábà wá sábúlé; ohun tó mọ̀ nípa Wendell kò ju kọfí lọ.

Ó bá Wendell nínú àgbàlá Ardith. Wendell wọ ìbọ̀wọ́ awọ àtijọ́ kan tó gùn dé ìgúnpá. Ó kọ́kọ́ gbójú sókè wo wáyà tó ti ara òpó wọlé, kó tó wá wo ọkọ̀.

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bátìrì," ó ní.

"Bàbá Wendell, bátìrì tuntun ni Dádì rà sí i."

"Á jẹ́ pé òtútù ni. Kí ni mo mọ̀?"

"Kọfí lo mọ̀," Ardith sọ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti kun ètè. "Kọfí àti àkàrà òyìnbó ọlọ́ràá."

"Èyí tí o máa ń jẹ ìdajì rẹ̀ ńkọ́?"

Kendra ti fi mítà wọn bátìrì. Kò sóhun tó ṣe é. Lágbègbè yẹn, gbogbo ọkọ̀ ló ń sun òru pẹ̀lú wáyà lẹ́nu, kí iná lè máa mú ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ọ́ìlì má baà dì. Kendra yẹ irin tó ń gbóná lábẹ́ ẹ́ńjìnnì wò. Irin náà dára. Ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀: ó tutù bí òkúta.

Ó wá wolẹ̀. Yìnyín bo gbogbo àgbàlá, àmọ́ ó ti yọ́ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, láti ara ògiri títí dé iwájú ọkọ̀. Lẹ́bàá àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n ká ìyókù wáyà jọ sí, ológbò Wendell nà gbalaja, ó kọ ikùn sókè.

Kendra lé e. Wáyà abẹ́ rẹ̀ gbóná bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

"Màmá àgbà, ta ló ra wáyà yìí?"

"Wendell ló fún mi ní Kérésìmesì. Ó tún so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn."

"Ẹ gbà mí o! Èyí tí wọ́n fi ń tan iná wínníwínní ara igi Kérésìmesì lẹ fi ń yáná fún ọkọ̀?"

Wendell họ orí. "Àwọ̀ rẹ̀ ló wù mí."

"Ẹ wo tiyín bó ṣe nípọn tó!" Kendra nàka sí wáyà dúdú tó wà lẹ́nu ọkọ̀ Wendell, lódì kejì ọgbà. "Ó kúrú, ó tún tó àtàǹpàkò."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a níbi tí wọ́n ti ń tà á, ọmọ mi."

Kendra jókòó sórí àtẹ̀gùn láti ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì. "Ẹ rántí ìgbà tí ilẹ̀kùn ńlá gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣeré lórí yìnyín bà jẹ́, tí gbogbo èrò gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn jáde?"

"Mo ṣì ń làágùn," Wendell ní.

"Ohun tó ń ṣe iná nìyẹn. Ọ̀nà há, ó sì gùn. Wáyà ń dènà rẹ̀, ó ń fara gbún un, ooru tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ń tán sójú ọ̀nà. Ológbò yín nìkan ló ń jẹ̀gbádùn."

"Ẹ ò rí ayé," Wendell ní.

Kendra mú wáyà tó nípọn jáde látinú ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ gbé wá, ó fi pààrọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Wọ́n wọlé lọ dúró. Nígbà tí fóònù dún lọ́sàn-án, Ardith gbé e dání lọ sínú ọkọ̀, ó ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Murray gbọ́ ọ lórí fóònù.

"Ó dáa, Màmá," ó ní. "Ẹ dúró síbẹ̀."

Ardith fi ìbọ̀wọ́ nu ojú. "Kendra, ṣé báyìí ni á máa dún láràárọ̀?"

"Láràárọ̀, Màmá àgbà."

Ardith wo Wendell. Wendell wo ológbò.

"O ṣeun, ọmọ mi," Ardith ní.

Títí di òní, wáyà tó nípọn náà wà lórí ìṣó nínú yàrá abẹ́ ilé Ardith, ó ń dúró de ọjọ́ tí Murray bá máa pè. Ardith ti dá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ padà síta, ológbò wà lórí rẹ̀, ọkọ̀ Wendell ló sì ṣì ń gbé Ardith lọ mu kọfí. Láràárọ̀ sì ni Wendell, ẹni tó gun òpó fa iná ká gbogbo agbègbè náà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò dún, tó ń mi orí, tó ń sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bátìrì.